Ògiri Kárafáànù Tí Mi Ò Ṣí

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ń sọ pé òun ti fẹ̀yìn tì. Mi ò tíì pé ọdún méjìdínlógún nígbà tí mo wọ ìdí iṣẹ́ fáíbà ní Ìkòsí, oṣù tó kọjá ni mo sì kó irinṣẹ́ mi fún ẹlòmíràn. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo ṣe láyé mi nìyẹn. Bí mo bá tún máa ṣe òmíràn, ẹ̀yìn ìgbà tí ọmọ ọwọ́ mi bá rìn ni.

Àwọn ọmọ àdúgbò wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí sẹ́kọ́ńdìrì máa ń wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. “Aunty Rónkẹ́, ṣé ká lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́ ni àbí ká dúró de yunifásítì?” Ìdajì ìtàn ni mo máa ń sọ fún wọn, ìdajì tó dùn. Mo máa ń sọ bí obìnrin kan ṣoṣo ṣe wà láàárín ọkùnrin, bí mo ṣe mọ iṣẹ́ títí tí wọ́n fi ń wá mi láti Ifákọ̀. Lẹ́yìn náà màá dákẹ́. Lónìí mo fẹ́ kọ èyí tó kù sílẹ̀, torí bí mo bá yọ ọ́ kúrò, irọ́ ni mo ń pa fún yín, mo sì ti pa èyí tó tó.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Oje kan wà tí à ń pè ní rẹ́sìnì, ó ki bí oyin, òórùn rẹ̀ sì máa ń gun imú. Nǹkan funfun kan wà tó dà bí aṣọ, máàtì ni à ń pè é. Ẹni bá rí i á rò pé òwú ni, ṣùgbọ́n fọ́nrán dígí ni. A ó tẹ́ máàtì, a ó po rẹ́sìnì mọ́ kẹ́míkà tó ń mú un le, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì rẹ ẹ́ wọ inú máàtì, a ó tẹ̀ ẹ́ títí atẹ́gùn á fi jáde nínú rẹ̀. Láìpẹ́ ó ti le gan-gan. Ohun tí wọ́n fi ń tún bọ́ǹpà ọkọ̀ ṣe nìyẹn, táǹkì omi tó là, ọkọ̀ ojú omi, àti kárafáànù, ìyẹn ilé kékeré tó ní táyà tí mọ́tò ń fà lẹ́yìn.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Ata ni màmá mi ń tà ní Mile 12, wọ́n sì fẹ́ kí n dúró tì wọ́n. Èmi ò fẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí mo ń gbà lọ sílé ni ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Lámídì wà. Ará Ṣakí ni wọ́n, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọn kì í pariwo. Ọjọ́ kan mo rí wọn tí wọ́n ń fi ọwọ́ pa ara ọkọ̀ ojú omi kan bí ẹni ń pa ẹ̀yìn ọmọ. Mo dúró wò wọ́n títí ata orí mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dànù. Wọ́n ní, “Ṣé o fẹ́ rà á ni?” Mo ní rárá, mo fẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe ni. Màmá mi gbọ́, wọ́n ní, “Gbogbo iṣẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń kọ́, o ò rí èyí tí obìnrin ń ṣe?” Ṣùgbọ́n wọ́n bá mi lọ, wọ́n fọwọ́ sí ìwé.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, yíyún ni mo fi ṣe. Eruku fáíbà, dígí ni. Ó wọ ọrùn mi, ó wọ abẹ́ àyà mi, ó wọ ibi tí mi ò lè darúkọ. Wàsíù, tó ti kọ́ṣẹ́ dé ìdajì kí n tó dé, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. “Rónkẹ́, ṣé wèrèpè lo fi para wá síbi iṣẹ́ ni?”

Ọ̀gá ní, “Fi í sílẹ̀. Ìwọ gan-an sunkún lọ́jọ́ tìẹ.” Wọ́n wá kọjú sí mi. “Omi tútù ni kó o fi wẹ̀. Tó o bá fi omi gbígbóná wẹ̀, ara ẹ á ṣí sílẹ̀, gbogbo ẹ̀ á wọlé, ẹ ó sì jọ máa gbé ni.”

Oṣù mẹ́fà gbáko, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan rẹ́sìnì. Sáńpépà ni mo ń fà, ara nǹkan ni mo sì ń kàn. Mo ní kíkàn, bí ẹ ṣe ń kan ilẹ̀kùn. Ọ̀gá á fún mi ní ìdí sukurudiráfà, wọ́n á ní kí n máa fi kan ara bọ́ǹpà tàbí ògiri kárafáànù díẹ̀díẹ̀, kí n máa tẹ́tí. Ibi tó bá wà láàyè á dún gbọ̀-ọ́n, á dáhùn. Ibi tó bá ti kú á dún bọ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń kan iṣu tó ti rà. Wọ́n á di ojú mi, wọ́n á ní, “Níbo ló ti kú?” Bí mo bá ṣì í, mo máa tún un kàn látìbẹ̀rẹ̀.

Nípa ògiri tó là, òfin Ọ̀gá Lámídì kò ju mẹ́ta lọ. Àkọ́kọ́, lu ihò kékeré sí ìparí ìlà náà ní apá méjèèjì, kó má bàa tún sá síwájú. Ìkejì, ṣí i. Ẹ̀yìn ògiri kárafáànù, igi ló wà níbẹ̀. Omi òjò máa ń gba ibi tó là wọlé, igi á mu ún, igi á jẹrà, ògiri ò sì ní rí nǹkan di mú mọ́. Ẹni tó bá kàn fi bọ́dífílà, ìyẹn ohun rírọ̀ bí ẹ̀kọ tí wọ́n fi ń dí ara ọkọ̀, dí ojú ẹ̀, tó kùn ún, kò tún nǹkan kan ṣe. Ó pa á mọ́ ni. Ìkẹta, èyí tí mi ò rí níbòmíràn: igi jíjẹrà tó o bá yọ, kó o sínú ọ̀rá, kó o gbé e fún ẹni tó ni ọkọ̀. Ọ̀gá kì í gbowó tó kù lọ́wọ́ oníbàárà kí wọ́n tó gbé ọ̀rá yẹn lé e lọ́wọ́. Wọ́n á ní, “Ẹ wò ó, ohun tó wà nínú ilé yín rèé.” Àwọn oníbàárà míì máa ń bínú, wọ́n á ní kí ni àwọn fẹ́ fi pàǹtí ṣe. Ọ̀gá á ní ẹ dà á nù tẹ́ ẹ bá délé, ṣùgbọ́n ẹ wò ó ná.

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá láràárọ̀ ni, “Ṣé o ṣí i?” Tó o bá ti ní o ṣí i, wọn ò ní wá wò ó. Wọ́n gbà ẹ́ gbọ́ nìyẹn. Ìyẹn gan-an ló máa ń bà wá lẹ́rù.

Wọ́n le o. Mo ti fi ọjọ́ méjì ṣe bọ́ǹpà kan, ó ń dán, inú mi ń dùn. Wọ́n gbé ayùn, wọ́n gé e sí méjì lójú mi. Wọ́n na ìka sí ojú ihò atẹ́gùn kan tó kéré bí orí abẹ́rẹ́. Mo bú sẹ́kún. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n mu omi, wọ́n ní, “Sunkún tán, kó o wá po òmíràn.” Ọdún mẹ́rin ni mo lò kí n tó gba fírídọ́ọ̀mù. Lọ́jọ́ náà màmá mi jó títí gèlè fi bọ́ lórí wọn, àwọn tó ní kí n wá iṣẹ́ obìnrin ṣe.

Wàsíù lọ ṣí tirẹ̀ sí Ifákọ̀. Èmi dúró lọ́dọ̀ Ọ̀gá, torí mo fẹ́ràn wọn, mo sì fẹ́ràn ibẹ̀. Irinṣẹ́ ń yí padà lójú wa. Ọwọ́ la fi ń fa sáńpépà nígbà tí mo débẹ̀, títí èékánná wa fi ń jẹ tán. Gíráíndà oníná dé, ohun tí à ń fi ọjọ́ kan ṣe di iṣẹ́ wákàtí kan. Ìdérí ìgò la fi ń wọn kẹ́míkà, Ọ̀gá á sì gbóòórùn ẹ̀, wọ́n á ní ó pọ̀ jù. Nígbà tó yá, sìríńjì là ń fi wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà ni bọ́ǹpà oníke wọ́pọ̀, àwọn kan ń fi irin gbígbóná rán an lẹ́bàá títì, iṣẹ́ bọ́ǹpà bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ṣùgbọ́n kárafáànù kò tán. Àwọn tó ń ṣe títì máa ń tà á tí wọ́n bá lò ó tán, àwọn èèyàn á rà á, wọ́n á fi ṣe ọ́fíìsì, wọ́n á fi ṣe ṣọ́ọ̀bù.

Aunty Nọ́ọ̀sì fi tiwọn ṣe ilé ìwòsàn. Orúkọ tí gbogbo wa ń pè wọ́n nìyẹn. Agbẹ̀bí ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ilé wọn wà ní Mende. Jíìpù wọn ló ń fa kárafáànù náà lọ sí àwọn abúlé tó jìnnà, wọ́n á dúró níbẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, wọ́n á yẹ àwọn aboyún wò. Bẹ́ẹ̀dì kan wà nínú ẹ̀, àti kọ́bọ́ọ̀dù oògùn tí wọ́n so mọ́ ògiri. Nígbà tí mo lóyún ọmọ mi àkọ́kọ́, Fèyí, wọ́n gbé kárafáànù wá fún iṣẹ́ kékeré kan, wọ́n rí ikùn mi níwájú rẹ́sìnì, wọ́n sì pariwo lé Ọ̀gá lórí.

“Lámídì! Ẹ̀ ń jẹ́ kí aboyún máa fa òórùn yìí símú?”

Ọ̀gá ní, “Mo ti lé e délé lẹ́ẹ̀mejì, mà. Ó ń padà wá ni.”

Wọ́n lé èmi náà. Wọ́n tún fún mi ní nọ́ńbà wọn. Nígbà tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ mi pé, mo lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Kétu tí Aunty Nọ́ọ̀sì ti ń ran àwọn èèyàn lọ́wọ́, ọwọ́ wọn ló sì gba Fèyí. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n ní, “Ọmọ oníṣẹ́ fáíbà, kò ní ihò atẹ́gùn kankan lára.” Mo rẹ́rìn-ín nínú ìrora.

Fèyí pé oṣù méje nígbà tí kárafáànù yẹn tún padà wá. Ògiri rẹ̀ là láti igun fèrèsé sọ̀kalẹ̀, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Aunty Nọ́ọ̀sì ní àwọn máa rìnrìn àjò lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àwọn aboyún ti ń dúró. Ọ̀gá ń lọ sí Ṣakí, àbúrò wọn ń ṣàìsàn. Wọ́n ní, “Rónkẹ́ ló máa ṣe é, mà. Ọwọ́ mi lọwọ́ ẹ̀.” Mo gbọ́ ọ, orí mi wú.

Mo kan ògiri náà. Ó dún bọ̀. Mo kàn án wá sísàlẹ̀, ó dún bọ̀, bọ̀, bọ̀, títí dé ìdí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo mọ̀. Mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni láé pé mi ò mọ̀. Igi ibẹ̀ ti di búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Bí mo bá ṣí i, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta ni mo máa fi dúró kó gbẹ, òjò sì ń rọ̀ lójoojúmọ́. Ọmú mi kún, ó ń jò sí aṣọ mi, Fèyí wà lọ́dọ̀ màmá mi láàárín apẹ̀rẹ̀ ata. Ó rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n èyí kọ́ ni ìdí rẹ̀ gan-an. Fóònù wà, mo lè sọ fún Aunty Nọ́ọ̀sì pé Mọ́ńdè ò ní ṣeé ṣe, wọn ì bá sì gbà. Ohun tó mú mi ni pé mo fẹ́ kí wọ́n sọ pé, “Ẹ wo Rónkẹ́, ó ń tọ́mọ lọ́wọ́, ó tún parí iṣẹ́ kí ọjọ́ tó pé.”

Mo fi bọ́dífílà dí i. Mo fà á, mo kùn ún. Nígbà tó gbẹ, o ò lè mọ ibi tó ti là.

Ọ̀rá wá kù. Mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, mi ò ní igi jíjẹrà tí mo máa gbé fún wọn. Ọkọ̀ ojú omi kan wà lẹ́yìn ilé tí Ọ̀gá ti tú igi jáde nínú ẹ̀. Mo lọ síbẹ̀, mo ṣa ẹ̀kún ọwọ́ méjì, mo kó o sínú ọ̀rá, mo so ó. Nígbà tí Aunty Nọ́ọ̀sì dé, mo gbé e lé wọn lọ́wọ́, mo tún sọ ọ́ bí Ọ̀gá ṣe ń sọ ọ́: “Ẹ wò ó, mà, ohun tó wà nínú ilé yín rèé.”

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní, “Háà! Èyí ni mo ń sùn tì?” Wọ́n dì mọ́ mi. Wọ́n mú fìlà kékeré aláwọ̀ yẹ́lò kan jáde nínú báàgì, wọ́n ní ti Fèyí ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni dírẹ́bà wọn pe Ọ̀gá. Wọ́n wà ní abúlé kan, Aunty Nọ́ọ̀sì ń to oògùn sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ògiri já. Kọ́bọ́ọ̀dù já tẹ̀ lé e, ó ń bọ̀ lórí wọn, wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún sókè láti dá a dúró. Ọrùn ọwọ́ wọn kán.

Ọ̀gá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí á tó lọ kí wọn. “Rónkẹ́, ṣé o ṣí i?”

“Mo ṣí i, sà.”

“O rí igi?”

“Mo yọ ọ́, sà. Mo kó o fún wọn nínú ọ̀rá.”

Wọ́n mi orí pé ó dáa. Wọn ò bi mí ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Nílé ìwòsàn, ọwọ́ Aunty Nọ́ọ̀sì ti wú, báńdéèjì funfun bò ó dé ìgbọ̀nwọ́. Wọn ò wò mí rárá, Ọ̀gá ni wọ́n ń wò. “Lámídì, mo gbọ́kàn lé yín o.” Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Wọ́n ní, “Ọmọ yìí ṣe tirẹ̀, mà. Ohun èlò tí mo rà ni ò dáa. Èmi ni kẹ́ ẹ bá wí.” Mo wà lẹ́yìn wọn, Fèyí wà lẹ́yìn mi. Mo dákẹ́.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n fa kárafáànù wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá fúnra wọn gbé gíráíndà. Bọ́dífílà náà ń bọ́ bí ẹfun. Kò sí máàtì, kò sí nǹkan kan. Igi dúdú ló wà lẹ́yìn ẹ̀, ó tutù, ó ń rùn. Wọ́n pa gíráíndà. Wọ́n wọ inú kárafáànù, wọ́n wá inú dúrọ́ọ̀, wọ́n rí ọ̀rá tí mo so. Aunty Nọ́ọ̀sì kò tíì dà á nù. Wọ́n tú u sórí ilẹ̀, wọ́n mú ẹyọ kan. Igi pupa ni, igi ọkọ̀ ojú omi. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n tú u jáde nínú ọkọ̀ náà.

Ìwà tí mo hù tì mí lójú, ṣùgbọ́n ọ̀rá yẹn ló burú jù. Ẹni tó bá sá iṣẹ́ lè sọ pé ó rẹ òun. Kí ni mo fẹ́ sọ nípa ọ̀rá?

Mo kúnlẹ̀. Ọ̀gá ò gbé ohùn sókè. “Dìde. Lọ fọ́mọ lọ́mú, ó ń ké.” Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti ń gé igi tuntun. Wọn ò gbójú sókè. “Mo ti sọ ohun tí mo sọ fún wọn níbẹ̀. Mi ò ní í fa ọmọ mi kalẹ̀ níwájú oníbàárà. Tó o bá ní nǹkan tó o fẹ́ sọ, ẹnu ẹ ni kó ti jáde.”

Ọjọ́ mẹ́jọ la fi jọ tún ògiri náà ṣe. Látọjọ́ náà wọn ò bi mí ní “Ṣé o ṣí i?” mọ́. Wọ́n á kàn dé, wọ́n á fi ìka wọn kan án fúnra wọn, wọ́n á lọ. Ọdún márùn-ún tí a tún jọ lò lẹ́yìn ẹ̀, wọn ò bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọwọ́ Aunty Nọ́ọ̀sì jiná, ṣùgbọ́n kò lè di nǹkan mú bíi tàtẹ̀yìnwá. Wọ́n ta kárafáànù. A gbọ́ pé wọn kì í gbẹ̀bí mọ́. Wọ́n sì sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ní Mende pé kí wọ́n má gbé nǹkan lọ sọ́dọ̀ Lámídì ti Ìkòsí. Oníbàárà apá ibẹ̀ tán. Ọ̀gá kò ráhùn. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n kó ẹrù wọn lọ sí Ṣakí, wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún mi.

Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ pé màá lọ sọ fún Aunty Nọ́ọ̀sì. Mo sọ ọ́ nígbà tí Fèyí bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, mo sọ ọ́ nígbà tó wọ ilé ìwé. Ọdún méje ni mo fi ń sọ ọ́ fún ara mi.

Lóṣù méjì sẹ́yìn ni ọkùnrin kan dé láti Mende, bọ́ǹpà ọkọ̀ rẹ̀ ti là. Mo pọn Ayọ̀, ọmọ mi kejì, sẹ́yìn, ọmọ oṣù mẹ́jọ ni. Ọkùnrin náà wo ṣọ́ọ̀bù yíká. Ó ní, “Madam, wọ́n ní bàbá arúgbó tó ba ọwọ́ Nọ́ọ̀sì jẹ́ ti kúrò níbí. Ìyẹn ni mo ṣe wá. Wọ́n ní ìwọ máa ń fara balẹ̀ ṣiṣẹ́.”

Mo ní kó máa gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ó ní kí ló dé? Mo ní mi ò ṣiṣẹ́ mọ́ lónìí. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Mende.

Mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù náà mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Mo parí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, mo pe Wàsíù, ó wá kó gíráíndà àti gbogbo búrọ́ọ̀ṣì. Ó ní, “Ìwọ Rónkẹ́? Ta ló ṣẹ̀ ẹ́?” Mo sọ fún un pé àyà mi ò gba òórùn rẹ́sìnì mọ́ látìgbà tí mo ti bí Ayọ̀. Òótọ́ ni, kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ kọ́ ọ. Ó dáa, mo fẹ́ràn ẹ̀ títí dòní. Èmi ni mi ò lè gbé sukurudiráfà kan ara nǹkan mọ́ kí n má gbọ́ ògiri yẹn.

Lọ́jọ́ tí mo lọ sí Mende yẹn, Aunty Nọ́ọ̀sì fúnra wọn ló ṣílẹ̀kùn lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Wọ́n ti darúgbó. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ṣí i. “Rónkẹ́! Ọmọ tuntun rèé? Wọlé, wọlé.” Wọ́n fẹ́ bu omi fún mi. Mo ní kí wọ́n má bù ú. Mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn mi, mo sì sọ ọ́. Mo sọ ti ògiri. Mo sọ ti bọ́dífílà. Nígbà tí mo dé orí ọ̀rá, mo sọ pé igi ọkọ̀ ojú omi ló wà nínú ẹ̀.

Wọ́n jókòó.

“Kì í ṣe Lámídì?”

“Kì í ṣe àwọn, mà. Wọn ò sí nílé. Irọ́ ni mo pa fún àwọn náà.”

“Ṣé ó mọ̀?”

“Wọ́n mọ̀ nígbà tí wọ́n ṣí i. Wọ́n ní ẹnu mi ni kó ti jáde.”

“Ọdún méje.” Wọ́n wo ọwọ́ ọ̀tún wọn, wọ́n gbìyànjú láti di í, kò dì tán. “Ọdún méje ni mo fi ń ba ọkùnrin yẹn lórúkọ jẹ́. Ó kí mi ní àyájọ́ Iléyá lọ́dọọdún, mi ò dá a lóhùn rí.” Wọ́n gbé ojú sókè. “Ìwọ náà ò jọ èèyàn burúkú. Ìyẹn ló ń dùn mí.”

Wọ́n na ìka sí fóònù tó wà lọ́wọ́ mi.

“Pè é.”

Mo pè é, Ọ̀gá gbé e. “Rónkẹ́? Ṣé àlàáfíà ni?” Kí n tó dáhùn, Aunty Nọ́ọ̀sì gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Mo rí wọn láti ojú fèrèsé, ẹ̀yìn wọn ni wọ́n kọ sí mi. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́.” Wọn kì í pe Ọ̀gá ní Bàbá tẹ́lẹ̀. Mi ò gbọ́ ohun tí Ọ̀gá ń sọ. Wọ́n pẹ́ gan-an níbẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà mo rí i tí èjìká wọn ń mì.

Nígbà tí wọ́n wọlé, wọ́n gbé fóònù sórí tábìlì. Wọn ò fi lé mi lọ́wọ́.

“Ó ní kí n má lé ẹ.”

“Ẹ ṣé, mà.”

“Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò tíì lè wò ẹ́ lójú. Lọ́la, màá lọ sọ fún gbogbo ẹni tí mo ti sọ ọ́ fún, màá sì dárúkọ ẹ. O gbọ́?”

“Mo gbọ́, mà. Ẹ dárúkọ mi.”

“Máa lọ sílé, Rónkẹ́.”

Mo dìde. Mo mú fóònù mi, mo sọ̀kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn, mo gba àárín àwọn òdòdó inú ìkòkò kọjá. Oòrùn ọ̀sán ń ràn ganrínganrín. Mo ti dé géètì, ọwọ́ mi ti wà lórí irin rẹ̀, nígbà tí mo gbọ́ ohùn wọn láti òkè, ó le, ó kún fún ìbínú.

“Fi aṣọ bo ọmọ yẹn lórí! Ṣé o ò rí oòrùn ni?”

Mo tún ọ̀já so, mo fi ìborùn mi bò ó lórí. Nígbà tí mo gbójú sókè, wọ́n ṣì dúró níbẹ̀. Ọmọ náà ni wọ́n ń wò.